Ẹ fẹ́ fi ẹyin dónọ̀ bímọ? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi wéra kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń ronú àtifi ẹyin ẹlòmíì bímọ ni pé nínú ẹyin tútù, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àti ẹyin inú fírísà, èwo ló ń mú oyún dúró jù. Ìbéèrè gidi ni, màá sì dáhùn ẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ ká ní èmi àti ẹ̀yin la jọ jókòó ni, òun kọ́ ni màá fi ṣáájú. Tútù àbí fírísà, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan ni. Ta ni dónọ̀ yìí, ìyẹn ẹni tó fún yín lẹ́yin, ṣé ọmọ máa lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan àbí kò ní mọ̀ ọ́n láéláé, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ọmọ yẹn, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ padà lọ tún un ṣe tí oyún bá ti dúró. Ìdí tí mo fi to ìfiwéra yìí báyìí nìyẹn, ẹni tó ni ẹyin ló máa gba àyè tó pọ̀ jù, àwọn yòókù á wá tẹ̀lé e.

Ẹyin ara ẹni lẹ́ẹ̀kan sí i, àbí ẹyin dónọ̀?

Ẹyin ló ń tètè gbó lára obìnrin, ilé ọmọ kì í tètè gbó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹyin tí obìnrin máa lò láyé ẹ̀ ló ti gbé wá láti inú ìyá ẹ̀, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ni iye ẹ̀ ń dín kù, tí àwọn tó ṣẹ́ kù náà á máa ní àṣìṣe nínú krómósómù wọn, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé obìnrin tó ti lé ní ọdún 44 tó ń fi ẹyin ara ẹ̀ ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pò ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara, nínú 100 ìgbà tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti gba àtọ̀ tó sì ti ń dàgbà, sínú ilé ọmọ, kì í sábà tó 5 tó ń di ọmọ tó wálé. Obìnrin yìí kan náà, tó bá gba ẹyin lọ́wọ́ ẹni ọdún 26, ọjọ́ orí ẹni ọdún 26 yẹn ni ẹyin á fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe tiẹ̀. Ní àwọn kílíníkì tó mọṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta sí nǹkan bí ìdajì ọlẹ̀ tí wọ́n bá gbé sínú lọ́nà yìí ló ń di ọmọ, ì báà jẹ́ ọdún 35 ni ìyá wà àbí 45.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan o. Àwọn kan wà tí nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró kí wọ́n tó pé 40, àwọn kan gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó pa ẹyin wọn, àwọn kan ti yọ ilé ẹyin wọn méjèèjì, àwọn kan ní àìsàn tí wọn ò fẹ́ kó ti ara wọn kọjá sára ọmọ. Fún àwọn wọ̀nyí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi wé ara wọn, ọ̀nà kan náà ló ṣẹ́ kù tí wọ́n bá fẹ́ gbé oyún.

Ibi tó ti ń le ni ti ẹni tó wà láàárín, ẹni ọdún 40 tàbí 41 tí ẹyin ẹ̀ kéré àmọ́ tí kò tíì tán, tí dókítà kan ní kó tún gbìyànjú, tí òmíì ní kó má fi àkókò ṣòfò mọ́. Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí gan-an ló ń bàjẹ́. Ṣé ẹyin ni kò jáde tó nígbà tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́, ṣé ó jáde àmọ́ ọlẹ̀ ò dàgbà dé ọjọ́ karùn-ún, àbí ọlẹ̀ tó dáa gan-an ni wọ́n ń gbé sínú tí kò dúró? Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ilé ọmọ wò dáadáa, kí wọ́n sì yẹ àtọ̀ náà wò, torí ẹyin dónọ̀ ò lè tún ilé ọmọ tó ní fáíbírọ́ìdì nínú ṣe, kò sì lè tún àtọ̀ ṣe. Mo ti rí àwọn tí wọ́n sáré gba ẹyin dónọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ibòmíì ni ìṣòro wà.

Ẹ tún jọ̀ọ́, tó bá ṣe pé ẹ̀ ń sunkún lórí ẹyin tiyín, ẹ sunkún ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fọ̀ gidi ni, àwọn tó yí yín ká lè máà rí i bẹ́ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó kú. Kàǹsẹ́lọ̀ tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí wà ní ọ̀pọ̀ kílíníkì, ẹ jẹ́ kí ọkọ náà bá wọn sọ̀rọ̀, torí pé àtọ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹyin ìyàwó ò sí níbẹ̀, ìyẹn nìkan máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tí wọn ò bá tètè sọ ọ́ jáde.

Ta ni dónọ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

| | Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ | Dónọ̀ tí orúkọ ẹ̀ pa mọ́ títí ayé | Dónọ̀ tí ọmọ lè wá tó bá dàgbà |
|---|---|---|---|
| Ta ló ń yàn án | Ẹ̀yin fúnra yín | Dókítà, tàbí ẹ̀yin látinú fáìlì tí kò lórúkọ | Ẹ̀yin àti kílíníkì, látinú fáìlì |
| Ìtàn ìlera ẹbí ẹ̀ | Ẹ ó máa gbọ́ tuntun | Èyí tó sọ lọ́jọ́ tó wá nìkan | Èyí tó sọ lọ́jọ́ náà, àti ohun tí ọmọ bá bi í lẹ́yìn ọ̀la |
| Ìdúró | Kò pẹ́, tí àyẹ̀wò bá ti dáa | Kì í sábà pẹ́ | Ó lè pẹ́ díẹ̀ |
| Ibi tí wàhálà ti lè wá | Inú ẹbí | Ìbéèrè ọmọ tí kò ní ìdáhùn | Kò dájú pé dónọ̀ á fẹ́ ṣọ̀rẹ́ nígbà tí ọmọ bá wá a |

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ná, torí òun ló kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àbúrò ìyàwó, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí. Tó bá jẹ́ àbúrò ìyàwó, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ló fún un lẹ́yin, ẹ̀jẹ̀ ilé yẹn ṣì wà lára ọmọ, ó lè jọ ìyá ìyàwó, ó lè ní ẹ̀rín bàbá ìyàwó, fún àwọn kan ìyẹn ló tu ọkàn wọn lára jù lọ. Ẹ sì mọ àìsàn tó ń rìn nínú ilé yẹn, ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń lọ, tí wọ́n bá rí àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ ọmú lára àbúrò yẹn lẹ́yìn ọdún 15, ẹ máa gbọ́, dókítà ọmọ yín náà á gbọ́.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí torí àwọn èèyàn máa ń dá a lábàá láìtíì rò ó. Àbúrò ọkọ lóbìnrin, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀, wọn ò lè fún ìyàwó ẹ̀ lẹ́yin tó bá jẹ́ àtọ̀ ọkọ yẹn lẹ máa lò. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, ọmọ á sì dà bíi pé ìbátan méjì ló bí i, àìsàn tó fara pa mọ́ nínú ilé ọkọ lè pàdé ara ẹ̀ nínú ọmọ yẹn. Ìhà ìyàwó tàbí ìta ni kẹ́ ẹ ti wá dónọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn tán síbẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ti ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé àbúrò kì í lè sọ pé rárá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sunkún, ìyá wọn ń wò ó lójú, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó ní òun ò ṣe? Ìdí nìyẹn tí kílíníkì tó dáa fi máa ń jẹ́ kí dónọ̀ rí kàǹsẹ́lọ̀ lóun nìkan, láìsí ẹ̀gbọ́n nítòsí, tó bá sì ní òun ò ṣe mọ́, kílíníkì lè sọ fún yín pé àyẹ̀wò ẹ̀ ò bá a mu, kó má bàa di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹ bèèrè bóyá kílíníkì tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ orí ẹ̀ náà, àbúrò ọdún 38 fẹ́ràn yín lóòótọ́, àmọ́ ẹyin ọdún 38 náà ló ní, ọ̀pọ̀ kílíníkì ò fẹ́ kí dónọ̀ ju 35 lọ. Ó sì dáa jù kó jẹ́ pé òun náà ti bímọ tó fẹ́ bí tán, torí tí òun bá wá ń wá ọmọ lẹ́yìn náà tí kò rí, tí ọmọ tó ti ẹyin ẹ̀ jáde ń sáré kiri nínú ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mi ò mọ ọkàn tó lè gbé ìyẹn láìsí ìrora.

Ẹ sọ ọ́ pọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó gba abẹ́rẹ́: kí ni ọmọ á máa pè é, ta ló máa sọ fún ọmọ, ìgbà wo, ta ni nínú ẹbí ló máa mọ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí oyún ò bá dúró, ṣé wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, kí la máa fi àwọn ọlẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ṣe. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹni tó gbé oyún tó sì bí ọmọ ni ìyá lójú òfin, bó ṣe rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni òfin ti sọ ọ́ yanjú bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà ibi tẹ́ ẹ wà ló sọ fún yín.

Ti dónọ̀ tí orúkọ ẹ̀ pa mọ́ títí ayé ńkọ́? Báyìí ni òfin ṣe rí ní Sípéènì, dókítà ló ń yan dónọ̀ fún yín, wọ́n á wo àwọ̀, ìrísí àti ẹ̀jẹ̀ kó lè jọ yín, ẹ ò ní rí fọ́tò ẹ̀, ẹ ò ní mọ orúkọ ẹ̀, òun náà ò ní mọ̀ yín. Àwọn tó yan èyí máa ń sọ fún mi pé ọkàn àwọn balẹ̀ torí kò sẹ́nì kankan tó máa kanlẹ̀kùn. Ó yé mi. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìpamọ́ yẹn ò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lónìí èèyàn lè tu itọ́ sínú ike kékeré, kó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ DNA, kó sì rí àwọn ìbátan ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dónọ̀ fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ nílò láti ṣe é, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan bá ti ṣe é, ó ti tó. Kílíníkì lè ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ, àwọn ò lè ṣèlérí pé ẹnì kankan ò ní mọ̀. Nítorí náà kódà tó bá jẹ́ irú dónọ̀ yìí lẹ mú, ẹ ṣètò ilé yín bíi pé ọmọ á mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni dónọ̀ tó gbà pé ọmọ lè wá òun tó bá dàgbà. Sweden ló kọ́kọ́ fún ọmọ tí wọ́n fi àtọ̀ dónọ̀ bí ní ẹ̀tọ́ láti mọ dónọ̀, láti 1985. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí òfin tiwọn padà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2005, láti ọjọ́ náà ẹni tó bá fi ẹyin tàbí àtọ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé ọmọ lè gba orúkọ òun, ọjọ́ ìbí òun àti àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n mọ̀ kẹ́yìn tí ọmọ bá pé ọdún 18, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í pé 18 ní 2023. Faransé náà ṣe irú ẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2022. Ohun tí òfin wọ̀nyí ò ṣe ni pé wọn ò sọ dónọ̀ di òbí, kò lè gba ọmọ, kò sì ní gbọ́ bùkátà ẹ̀.

Ẹ̀rù tí mo máa ń rí lójú àwọn ìyá ni pé tí ọmọ bá lè mọ̀ ọ́n, ọmọ á sá tọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó ru oyún ẹ, tó bí ẹ, tó jí sí ẹ lóru, tó mọ oúnjẹ tí o ò fẹ́, kò sí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì kan tó máa gba ipò ẹni yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wá nígbà tí wọ́n bá bèèrè ni ojú tí wọ́n jọ, ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀bùn kan tí kò sí nínú ilé, àti bóyá àìsàn kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún.

Èmi, ọ̀nà kẹta yìí ni màá kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ wò. Tí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan bá wà tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ṣe é kẹ́ ẹ tó bẹ̀ ẹ́, tí ọjọ́ orí ẹ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀ dáa, ẹ mú òun. Ìpamọ́ títí ayé ló kẹ́yìn lọ́wọ́ mi, fún ìgbà tí òfin ibi tẹ́ ẹ lè lọ ò fún yín láyè míì. Ẹ fi sọ́kàn pé tẹ́ ẹ bá kọjá sí orílẹ̀-èdè míì láti ṣe é, òfin ibẹ̀ lẹ yàn fún ọmọ yẹn. Òfin Jámánì, fún àpẹẹrẹ, ò gba kí wọ́n fi ẹyin ẹlòmíì ṣe IVF, ọ̀pọ̀ wọn á wá lọ sí Sípéènì tàbí Czech, ilẹ̀ méjèèjì ló sì ń pa orúkọ dónọ̀ mọ́, ọmọ tí wọ́n bá gbé bọ̀ nílé ò ní ẹ̀tọ́ tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti yàn, owó àti ọjọ́ ìrìn nìkan ni wọ́n fi wéra.

Ẹyin tútù àbí ẹyin inú fírísà

Tútù: dónọ̀ á gba abẹ́rẹ́ họ́mónù fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, wọ́n á máa fi sikáànù wò ó, wọ́n á fún un ní oògùn oorun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa ẹyin jáde, ọjọ́ kan náà ni wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ àtọ̀. Ìyẹn ni pé ara dónọ̀ àti ara ìyá gbọ́dọ̀ jọ máa lọ sí ibì kan náà lásìkò kan náà, àyàfi tí wọ́n bá ní àwọn á fi ọlẹ̀ sínú fírísà. Èrè ẹ̀ ni pé gbogbo ẹyin tó bá jáde jẹ́ tiyín, ó lè jẹ́ 12, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọlẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù lè di àbúrò fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ iwájú. Ewu ẹ̀ ni pé dónọ̀ lè ṣàìsàn, ó lè yí ọkàn padà, ara ẹ̀ lè máà dáhùn sí abẹ́rẹ́, tí gbogbo ètò á sì dúró nígbà tẹ́ ẹ ti mú oògùn yín dé ìdajì.

Fírísà: ẹyin ti wà nílẹ̀, ẹ ra iye kan, ó sábà máa ń jẹ́ bíi 6 sí 8, ẹ mú ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹyin ṣòroó dì nígbà kan torí omi tó wà nínú ẹ̀ pọ̀, tó bá ń dì díẹ̀díẹ̀ yìnyín á ya á. Ọgbọ́n tuntun tí wọ́n ń lò báyìí ni pé kí wọ́n mú un dì lójú ẹsẹ̀ kí yìnyín má ráyè hù, ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa yè tí wọ́n bá yọ́ ọ, bíi 8 tàbí 9 nínú 10. Ẹyin tó ti inú fírísà jáde, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ ki àtọ̀ kan ṣoṣo sínú ẹ̀ ni, wọn kì í kàn dà wọ́n pọ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ báyìí: nínú 6, ó lè jẹ́ 5 ló yè, 3 tàbí 4 á gba àtọ̀, 1 tàbí 2 ló lè dé ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ kan wà níbẹ̀ dáadáa, ọmọ méjì lè máà sí níbẹ̀.

Tútù ṣì ń fi díẹ̀ ṣáájú nínú iye tó ń di ọmọ, ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan tó yẹ kó pàṣẹ fún yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ látara dónọ̀ kan náà, ẹ lọ sí tútù tàbí kẹ́ ẹ ra fírísà tó pọ̀. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, tàbí ọkàn yín ò lè gba kí ètò tún bàjẹ́ lójú yín, fírísà. Tí àbúrò yín ló sì ń fún yín, ẹ lè jẹ́ kó yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi ọlẹ̀ pa mọ́, kẹ́ ẹ simi oṣù mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbé e sínú, ìyẹn máa ń dín ìdààmú kù fún gbogbo yín.

Ní ti ìyá, kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹ ó mu họ́mónù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn kí inú ilé ọmọ lè nípọn, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó tó mìlímítà 7 ó kéré tán, ẹ ó wá fi họ́mónù míì, projẹ́stírónì, kún un, wọ́n á gbé ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún sínú láìsí pé wọ́n ń gé yín níbì kankan. Bí ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tó bá dúró, ẹ má dáwọ́ oògùn dúró fúnra yín, títí bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 ni, ìgbà tí ibi ọmọ á ti lè pèsè họ́mónù fúnra ẹ̀.

Àyẹ̀wò dónọ̀, kílíníkì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò àti èyí tó ń kánjú

Dónọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò HIV, hẹpatáítìsì B àti C, àti sífílíìsì, àrùn kan tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ àti jẹnotáìpù. Tí ọkọ bá jẹ́ AS, dónọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ AA, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé èsì hàn yín. Àwọn kílíníkì kan máa ń yẹ ọ̀pọ̀ àìsàn ìdílé wò yàtọ̀ sí fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n á fi ti dónọ̀ wé ti ọkọ, èyí sàn ju kí wọ́n kàn ní ara ẹ̀ le.

Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú dónọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí ilé ẹyin ẹ̀ wú ju bó ṣe yẹ, kí omi kún ikùn ẹ̀, kó máa bì, tó bá le gan-an kó máa mí lókèlókè, ilé ìwòsàn ló máa gbà á. Kílíníkì tó mọṣẹ́ ní oògùn àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín in kù. Ẹ bi wọ́n ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jẹ́ kí obìnrin kan ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ní Amẹ́ríkà, ASRM, ní kó má ju ìgbà 6 lọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ dónọ̀ kan ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìdílé tó ju 10 lọ. Kílíníkì tó bá fi ojú kéré ara ọmọbìnrin tó ń fún yín lẹ́yin, mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ gbé ara tiyín fún wọn.

Ọlẹ̀ kan àbí méjì

Ẹ̀yọ kan. Mo mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ìdúró, ìbejì sì máa ń dà bí ẹ̀san. Àmọ́ oyún ẹyin dónọ̀ máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ju oyún tí wọ́n fi ẹyin ara ẹni ṣe lọ, ìbejì tún ń fi kún un, ó sì ń mú kí ọmọ tètè wá kó tó tó àkókò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú oyún yín pé ẹyin dónọ̀ ni, ẹ má pa á mọ́ fún wọn, torí ó lè mú kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lo asipirín kékeré láti bí ọ̀sẹ̀ 12, kí wọ́n sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín léraléra. Ẹ má lo asipirín láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún yín.

Tí kì í bá ṣe ẹyin dónọ̀ ńkọ́?

Ọlẹ̀ tí tọkọtaya míì ṣe tí wọn ò lò mọ́ wà, ó máa ń yá, ó sì dáa fún ẹni tí ẹyin àti àtọ̀ méjèèjì ló níṣòro, kìkì pé kò sí ẹ̀jẹ̀ ọkọ tàbí ti ìyàwó níbẹ̀, ọmọ sì lè ní àwọn ọmọ ìyá àti bàbá kan náà níbì kan, ìyẹn mú kí ọ̀rọ̀ mímọ dónọ̀ tún wúwo sí i. Gbígba ọmọ tọ́ jẹ́ ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá, ọmọ tó ti wà láyé ló ń wá ilé níbẹ̀, ó ní ìtàn tiẹ̀, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ṣe ìpààrọ̀ nígbà tí IVF bá kùnà kí ọkàn ẹ̀ tó múra sílẹ̀.

Ká sọ fún ọmọ, àbí ká pa á mọ́

Èyí náà wà lára ohun tẹ́ ẹ ń yàn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ni kẹ́ ẹ ti yàn án, torí dónọ̀ tẹ́ ẹ mú ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ lè sọ.

Àwọn tó fẹ́ pa á mọ́ ní ìdí wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu ayé, wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ á sọ lọ́jọ́ tó bá bínú pé ìwọ kọ́ lo bí mi. Mi ò ní bá wọn jà. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé èèyàn mélòó ló ti mọ̀? Ọkọ, ìyàwó, ìyá ìyàwó, ọ̀rẹ́ kan, nọ́ọ̀sì kan. Ohun tí èèyàn márùn-ún mọ̀ tí ẹni tó ni ín ò mọ̀, ibo ló fẹ́ gbà pa mọ́ fún ọdún 40? Ọmọ lè gbọ́ ọ nígbà ìjà, níbi òkú, tàbí kó rí i nínú èsì DNA. Ìgbà yẹn kì í ṣe ẹyin ló máa dùn ún, irọ́ ni.

Susan Golombok àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge tẹ̀ lé àwọn ìdílé tí wọ́n bí ọmọ lọ́nà ẹyin dónọ̀, àtọ̀ dónọ̀ àti obìnrin tó bá ni gbé oyún, láti kékeré títí tí àwọn ọmọ fi pé 20, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2023. Kò sí ìyàtọ̀ nínú àlàáfíà ọkàn àwọn ọmọ yìí àti ti àwọn tí wọ́n bí lọ́nà tá a mọ̀. Àwọn ìyá tó sì tètè sọ fún ọmọ, kó tó pé ọdún 7, àárín àwọn àti ọmọ dán mọ́rán ju ti àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó sọ tàbí tí wọn ò sọ.

Ẹ má dúró de ọjọ́ kan tẹ́ ẹ máa pè é jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ pàápàá, tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, kí ẹnu yín lè mọ́ ọn lára: "Ẹyin màmá ò lè di ọmọ, àǹtí kan tó láàánú fún wa ní ẹyin tiẹ̀, dókítà fi ti bàbá kún un, ó sì gbé e sínú màmá, ibẹ̀ lo ti dàgbà." Tó bá pé ọdún 6 á bèèrè pé ta ni àǹtí yẹn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Tó bá pé 12 á bèèrè ohun tó le ju ìyẹn lọ, bóyá á ní òun ò jọ yín, ẹ má jẹ́ kí ojú yín yí padà.

Nítorí ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ ya fáìlì kan sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí: orúkọ kílíníkì àti ti báńkì ẹyin, nọ́ńbà dónọ̀, ọjọ́ tí wọ́n yọ ẹyin àti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọlẹ̀ sínú, èsì jẹnotáìpù àti àwọn àyẹ̀wò ìdílé, ìtàn ìlera tí dónọ̀ kọ, lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ ìkíni tó bá fi sílẹ̀ fún ọmọ, àti àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Kílíníkì lè ti ilẹ̀kùn, dókítà lè fẹ̀yìn tì. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ fi ọ̀kan pa mọ́ sí ibòmíì yàtọ̀ sí ilé, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán ibi tó wà.